"Ẹ bi wọ́n, mà": ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àgbàlagbà tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè

Ní Sátidé kan lọ́jà Bódìjà, ìyá aláta kan gbójú sókè, ó wo èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tí a jọ ń ra nǹkan, ó wá bi mí pé, "Kí ló fẹ́ rà?" Ẹ̀gbọ́n ló gbé àpò lọ́wọ́, àpò wọn ni owó wà. Ẹni ọdún 34 ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n fi ọdún méje jù mí lọ. Àmọ́ nítorí pé wọ́n ní Down syndrome, ìpèníjà kan tí a máa ń bí mọ́ èèyàn, ìyá náà wo irùngbọ̀n lójú àgbàlagbà, ọmọdé ló rí. Mo ní, "Ẹ bi wọ́n, mà." Ó yà á lẹ́nu. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá yíjú sí wọn: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ rà?" Ẹ̀gbọ́n náà ò yára dáhùn. Wọ́n wo àtẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n nawọ́ sí rodo, wọ́n ní, "Èyí. Ẹ fi èènì sí i."

Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "wọ́n", ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí wà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n yìí rìn ní Sátidé nílùú Ìbàdàn, n kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bí àwọn náà ṣe lè ṣe irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ó gba ìmọ̀ dókítà. Àsìkò ló gbà, ó gba sùúrù, ó sì gba pé kí èèyàn gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àgbàlagbà ni òun ń bá lò.

1. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, kí ẹ sì mọ ohun tí kò ṣe wọ́n

Ìpèníjà ìdàgbàsókè máa ń bẹ̀rẹ̀ látinú oyún tàbí ní kékeré, ó sì máa ń bá èèyàn dàgbà. Down syndrome wà nínú rẹ̀, ọ́tíìsìmù, tó máa ń mú kí ìbánisọ̀rọ̀ tàbí ariwo ṣòro fún èèyàn, wà nínú rẹ̀, cerebral palsy, tí ọpọlọ kì í fi lè darí ara dáadáa, náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í ràn, kì í ṣe àfọwọ́fà ayé. Ẹ má sì rò pé bákan náà ni gbogbo wọn. Mo mọ ẹnì kan tó ní cerebral palsy, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń ka ìwé tí èmi ò lè kà parí. Ẹni tó bá wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi ti ṣẹ̀ ẹ́ gan-an.

Ní ti Down syndrome, dókítà ará England kan, John Langdon Down, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa lọ́dún 1866. Lọ́dún 1959 ni àwọn onímọ̀ ní Faransé kéde ohun tó ń fà á: krómósóòmù (okùn tín-ín-tín inú ara tó ń gbé àbùdá èèyàn) kọkànlélógún tó yẹ kó jẹ́ méjì nínú ara, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyájọ́ wọn fi bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù kẹta. Bó ṣe wà látinú oyún nìyẹn. Kò sí ohun tí ìyá kankan jẹ tàbí tó ṣe nínú oyún tó fà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ létí ìyá wọn.

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1983, nǹkan bí ọdún 25 ni ẹni tó ní Down syndrome ń lò láyé. Lónìí, ó ti tó nǹkan bí 60. Ẹ ronú sí i. Ọmọ tí wọ́n ní kò ní pẹ́ láyé ti di ẹ̀gbọ́n, ó ti di àbúrò bàbá àwọn ọmọ kan, ó ti ń hu ewú. Ilé ìwé tó wà fún irú wọn, ọmọdé ló wà fún. Tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ á padà sílé, wọ́n á jókòó sójú kan níwájú tẹlifíṣọ̀n, ìyá tó ń tọ́jú wọn á sì máa darúgbó lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ti wúlò. Olùkọ́ wọn kọ́ lẹ fẹ́ jẹ́, nọ́ọ̀sì wọn sì kọ́. Ẹni tí wọ́n á máa retí ni.

2. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ gbà wọlé

Tí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, ẹ lè lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Down Syndrome Foundation Nigeria tí Rose Mordi dá sílẹ̀ lọ́dún 2001 wà ní Èkó. Special Olympics, ẹgbẹ́ eré ìdárayá fún àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, náà wà ní Nàìjíríà. Láti ọdún mẹ́jọ sókè ni wọ́n ń gba eléré, wọn kì í sì í sọ pé ẹnì kan ti dàgbà jù. Wọ́n tún ní ìdíje tí àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ àti àwọn tí kò ní i ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kan náà. Eunice Kennedy Shriver ló dá Special Olympics sílẹ̀ lọ́dún 1968. Ọmọ rẹ̀, Anthony, ló wá dá Best Buddies sílẹ̀ lọ́dún 1989, ẹgbẹ́ tó ń so èèyàn méjì pọ̀ bí ọ̀rẹ́, ẹnì kan sí ẹnì kan. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà lè bá wọn forúkọ sílẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ mú oníduùró wá, tí wọ́n béèrè ibi tí ẹ ń gbé àti ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má bínú. Ní England, wọ́n á wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá lórí yín, DBS ni wọ́n ń pè é. Ibi tí wọn ò bá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín ló yẹ kó kọ yín lóminú.

Ó sì lè jẹ́ ìdílé kan ládùúgbò ni, bí tèmi ṣe rí. Èmi mú ìyá mi dání lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, kí wọ́n lè mọ ilé tí mo ti jáde wá. Ẹni tí ò ní ohun tó ń fi pa mọ́ á jẹ́ kí wọ́n mọ ilé òun.

3. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀, níṣojú ẹni tó ni ara rẹ̀

Ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ béèrè oúnjẹ tí wọn kì í jẹ àti oògùn tí wọ́n ń lò. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní warápá, bóyá etí wọn gbọ́ dáadáa, bóyá ọkàn wọn ní àrùn, torí gbogbo èyí wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní Down syndrome ju àwọn mìíràn lọ. Ẹ béèrè nípa ọrùn pàápàá. Eegun ọrùn àwọn kan nínú wọn kì í dúró gírí, nítorí náà òkìtì títa àti eré tó lè pa ọrùn lára kò yẹ wọ́n, àfi tí dókítà bá ní kò séwu.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún mi rèé: báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé "rárá"? Ẹnì kan lè sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹlòmíràn á yíjú kúrò, ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n tèmi á sọ pé "ó dáa" sí gbogbo ohun tí ẹ bá sọ, ṣùgbọ́n tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àtàǹpàkò wọn á wọ inú ọwọ́. Ìyá wọn ló fi hàn mí. Ká ní n kò béèrè ni, mi ò bá ti fi oṣù mẹ́fà fà wọ́n lọ síbi tí wọn ò fẹ́ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wáyé lẹ́yìn wọn, ẹ má sì jẹ́ kó wáyé lórí wọn bíi pé wọn ò sí níjòókòó. Tí ìyá bá dáhùn tán, ẹ yíjú sí wọn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹnu máa ń yà mí bí wọ́n ṣe máa ń tún ọ̀rọ̀ ìyá wọn ṣe tó.

4. Ọjọ́ àkọ́kọ́

Kó má ju wákàtí kan lọ, kó sì jẹ́ nílé wọn. Ẹ kí wọn bí ẹ ṣe máa kí ẹgbẹ́ wọn. Tí wọ́n bá jù yín lọ, "ẹ" ni kí ẹ máa pè wọ́n, kí ẹ sì fi ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kún un tó bá jẹ́ àṣà ilé yín nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jù wọ́n lọ, ẹ pe orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi ohùn tí ẹ fi ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ pè é. Ẹ má fọwọ́ pa wọ́n lórí. Ẹ má sọ pé "ọmọ dáadáa". Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wí pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n," wọ́n wo ẹ̀yìn wọn láti mọ ẹni tí mo ń kí.

Tí ẹ bá bi wọ́n ní ìbéèrè, ẹ dúró. Ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín kí ẹ tó tún ẹnu là. Ó máa ń ṣe àwa bíi kí á bá wọn dáhùn, tàbí kí á tún ìbéèrè náà gbé kalẹ̀ lọ́nà mìíràn, ìbéèrè kejì á sì ti da ìdáhùn àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ rú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbólóhùn kúkúrú ni kí ẹ lò, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó kí wọ́n lè máa rí ẹnu yín. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣòro fún wọn, ẹ gbé ohun méjì sókè, pupa àti búlúù, tíì àti mílò, kí wọ́n nawọ́ sí èyí tó wù wọ́n. Èyí tí wọ́n bá sì mú, ẹ fara mọ́ ọn, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀wù òtútù lójú oòrùn. Wọ́n á bọ́ ọ fúnra wọn tí ooru bá mú wọn.

5. Ẹ wá iṣẹ́ kan tí ẹ ó jọ máa ṣe

Ọ̀rọ̀ nìkan kì í gbé ọ̀rẹ́ dúró. Ẹ wá ohun tí ọwọ́ á máa ṣe: omi tí wọ́n á máa bu sí ewébẹ̀, ọ̀pọ́n ayò, orin ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù, ìsìn Jímọ̀. Èmi bi ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Wọ́n ní ọjà. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, torí láti kékeré ni àwọn ará ilé ti ń sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n dúró sílé tí àwọn bá ń lọ sọ́jà.

Bí a ṣe ṣe é rèé. Mo jókòó, mo ya ríra ata sí wẹ́wẹ́: kí á mú àpò, kí á wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí á dé ìdí àtẹ, kí á kí ìyá aláta, kí á nawọ́ sí ohun tí a fẹ́, kí á béèrè iye, kí á yọ owó, kí á gba ṣéńjì, kí á gbé ata sínú àpò. Mẹ́sàn-án ni. Láti ẹ̀yìn ni a ti bẹ̀rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, èmi ṣe mẹ́jọ, àwọn wulẹ̀ gbé ata sínú àpò. Ó parí sọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e dé ilé, ìyá wọn kí wọn kú iṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn mọ́ wọn lára, a fi ṣéńjì gbígbà kún un. Lẹ́yìn náà, owó yíyọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lè má dé òpin láéláé, gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àmọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ń parí nǹkan lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹ̀gbọ́n tó la ẹnu béèrè pé, "Èló ni?"

Owó ló fún wa ní wàhálà jù. Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ fi kọ́ wọn, pé búráùn ni ẹgbẹ̀rún kan. Àṣìṣe mi nìyẹn. Láti ìparí ọdún 2022 tí owó tuntun ti jáde, ẹgbẹ̀rún kan tó jẹ́ búlúù wà nígboro, ti búráùn náà ṣì wà níta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tuntun sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n mú ẹgbẹ̀rún kan búlúù dání, wọ́n ní òun kọ́. Ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà, èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. A pa àwọ̀ tì, a mú nọ́ńbà. A ra pọ́ọ̀sì alápò mẹ́ta, a lẹ ìwé mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan: 200, 500, 1000. Mo fẹ́ fi bírò dúdú kọ ọ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní pupa ni àwọn fẹ́. Ká tó kúrò nílé ni wọ́n máa ń to owó, tábìlì ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ òdo kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tì í sínú àpò rẹ̀. Ó máa ń gbà wá tó ìṣẹ́jú 20. Ẹ má kánjú níbi tó jọ èyí. Ìṣẹ́jú 20 yẹn gan-an ni ìbẹ̀wò náà.

6. Ẹnu àwọn èèyàn

Wọ́n á wò yín. Àwọn kan á gbàdúrà lé yín lórí láìjẹ́ pé ẹ ní kí wọ́n gbà á. Awakọ̀ á ní kí ẹ̀yin sanwó "ọmọ yẹn". Ẹnì kan á pe "dìndìnrìn" lójú pópó, etí wọn á gbọ́, ó sì máa ń dùn wọ́n. Ẹ má rò pé kò yé wọn.

Ìjà ò ràn mí lọ́wọ́. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni "Ẹ bi wọ́n." Mo máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì máa ń sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan kí ojú onítọ̀hún lè bọ́ sí wọn lára. Tó bá jẹ́ èébú, mo máa ń bi ẹ̀gbọ́n bóyá kí a kúrò níbẹ̀ tàbí kí a dúró. Àwọn ló ń pinnu. Àwọn àgbà wa ní orúkọ tó níyì fún afín, abuké àti arọ. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, ti Ọbàtálá ni wọ́n, a kì í fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ yẹn ti sá kúrò lẹ́nu wa tí èébú sì kù.

Ẹ mọ òfin náà. Nàìjíríà ní òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà fún ẹni tó bá rú u, mílíọ̀nù kan náírà sì ni ti iléeṣẹ́. Èkó ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2011.

7. Tí ara bá yí padà

Tí ariwo, oòrùn tàbí èrò bá pọ̀ jù fún ẹni tó ní ọ́tíìsìmù, ó lè di etí, kó máa mì síwá sẹ́yìn, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó pariwo. Ẹ má bá a wí. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ má dì í mú, ẹ jọ rọra bọ́ sí ibi tó parọ́rọ́, ẹ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ warápá, ẹ dàbò bo orí kó má baà nalẹ̀, ẹ mú nǹkan líle kúrò nítòsí, ẹ tú ọrùn aṣọ, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu. Ẹ má da omi tàbí àdín lé wọn lórí, ẹ má sì di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mú. Tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀ kí itọ́ lè rí ọ̀nà jáde. Tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kí ojú tó là, ilé ìwòsàn ni.

8. Owó, fótò, àṣírí

Ẹ má yá owó lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì yá wọn. Ẹ má wọ yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ ibi tí ẹ wà. Fótò: ẹ bi wọ́n kí ẹ tó yà á, ẹ tún bi wọ́n kí ẹ tó gbé e síta. Mo ti rí àwọn tó ń ya àgbàlagbà tí oúnjẹ kán sí láyà, tí wọ́n á gbé e sórí Facebook kí èèyàn lè yìn wọ́n pé aláàánú ni wọ́n. Ìwà ìkà ni. Tí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé, tí wọ́n bá ń bẹ̀rù ẹnì kan lójijì, tàbí tí ẹnì kan ń gbé wọn lọ ṣagbe, ọ̀rọ̀ àṣírí kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ tí ẹ gbà wọlé, tàbí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá. Òfin 2019 yẹn fòfin de fífi akàndá ẹ̀dá ṣagbe.

9. Sátidé ni Sátidé

Ní ọdún àkọ́kọ́, mo pa ọjọ́ kan jẹ. Òde ìgbéyàwó kan dé, mo ní n ó pè, n kò pè. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìyá wọn sọ fún mi pé láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti wọ bàtà, tí wọ́n gbé àpò ọjà lé ẹsẹ̀, tí wọ́n sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò jẹun ọ̀sán. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní "ó dáa", àtàǹpàkò wọn sì wọ inú ọwọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ lè ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó dájú sàn. Tí ẹ ò bá ní lè wá, ẹ pè, àwọn fúnra wọn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìyá wọn nìkan. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sára ògiri, kí wọ́n máa fa ìlà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá.

Tó bá sì di pé ẹ máa lọ, ẹ má kàn pòórá. Ẹ sọ fún wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ fi àmì sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà, ẹ mú ẹni tó máa rọ́pò yín wá nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ jọ jáde ní ẹ̀ẹ̀melòó kan. Iṣẹ́ ń gbé èmi náà lọ sí Èkó. Ọmọkùnrin tó máa gba ipò mi ti bá wa jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní Sátidé tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn wọn lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mú un lọ sídìí ìyá aláta, wọ́n ṣí pọ́ọ̀sì, wọ́n ń fi àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró kó ka nọ́ńbà náà fún wọn kí wọ́n tó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e.